Ọkọ̀ Tó Kú Sórí Afárá

Ojo ni mí. Mo tètè sọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí akọni nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bí ajá bá gbó ní ojúlé kẹta, èmi ni mo máa kọ́kọ́ wo ibi tí mo máa gbà sá. Àwọn ará ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, n kì í sì í bá wọn jiyàn. Ṣebí àwọn àgbà ló ní akínkanjú tó mọ̀jà tí ò mọ̀sá, á bógun lọ. Apá ti sísá nínú òwe yẹn ni mo mú ní tèmi.

Niamey ni mo wà nígbà tí mò ń wí yìí, ní àdúgbò Poudrière. Mo ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì níbẹ̀, èmi àti ìyàwó mi sì ń gbé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba. Ùránìọ́mù, ohun àlùmọ́nì tí wọ́n ń wà lókè lọ́hùn-ún nínú aṣálẹ̀ ti sọ ìlú di olówó. Ilé alájà ń yọ lójoojúmọ́, ọkọ̀ tuntun ń dán lójú títì, àwọn obìnrin tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ ìyàwó mi ní ọjà Petit Marché ò dúnàádúrà tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Owó wà, ẹ̀rù náà sì wà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjọba á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, lẹ́yìn náà á wá sọ̀rọ̀ òjò.

Ẹ lè ní kí ló kan mẹkáníìkì nínú ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní òdìkejì títì sí wa, ará Tógò kan wà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó tún ọkọ̀ ọ̀gá sójà kan ṣe, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, wáyà ọkọ̀ náà gbiná. Sójà méjì wá lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní kó wá bá àwọn ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi mú un. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó, ó ní òun ń bọ̀. A ò rí i mọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ lọ sí ẹnu géètì àwọn sójà títí ó fi sú u, ó sì kó àwọn ọmọ lọ sílé. Ohun tí a gbọ́ ni pé wọ́n ní ó ṣe "sàbótáàsì", ìyẹn ni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ba ọkọ̀ jẹ́ kó lè pa ọ̀gá sójà. Èmi tí mò ń wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n tì pa láti àárọ̀ dé alẹ́, kí ni kò ní bà mí lẹ́rù?

Lórí ìwé, èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù wa. Ká sọ òótọ́, ọ̀gá mi ló ni ín. Wọn ò tíì bí mi nígbà tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó bá lọ́rì àwọn aláṣọ dé Niamey, tó sì jókòó síbẹ̀. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ti darúgbó. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, etí rẹ̀ sì ti wúwo débi pé ẹni tó bá fẹ́ kí i gbọ́dọ̀ pariwo. Síbẹ̀ kò sí àárọ̀ tí kò ní wá jókòó sábẹ́ igi dongoyárò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kó máa fọwọ́ tọ́ irin wò. Ìka ló fi ń ríran. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kú láti ayé ìjọba alágbádá, kò sì lọ sọ ọ́ dọ̀tun. Ó ní ìlú tí òun ti lo ogójì ọdún, ta ni yóò bi òun ní ìwé níbẹ̀? Èmi àti ìyàwó mi nìkan la mọ̀ sí i, a ò sì jẹ́ kó ta sí ẹlòmíràn létí, torí àwọn sójà ti ń kó àwọn àjèjì tí ò níwèé, wọ́n sì ń já wọn sí ẹnubodè.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi fún mi ní fúrídọ́ọ̀mù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi sípánà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ kan sọ tẹ̀lé òun lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo àwọn ará wa: "Ohun tí ọwọ́ ọ̀gá mi bá dì, ọwọ́ mi ò ní tú u wò." Ọ̀gá tirẹ̀ náà ló fi kọ́ ọ. Wọn kò fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn, kó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò bí ẹni ń wá àṣìṣe. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì pa á mọ́. Ìgbọràn kì í ni ojo lára.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lọ́dún yẹn nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù àwọn sójà wọ́ ọkọ̀ dúdú kan wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ọkọ̀ àwọn Faransé tó jọba lé ìlú náà lórí nígbà kan, imú rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ lábẹ́, adìẹ sì ti yé sí ìjókòó iwájú. Ọ̀gá sójà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù tó tẹ̀lé e. Kọmandán ni wọ́n ń pè é. Èrò tó wà lójú títì tú ká bí ìgbà tí a da omi gbígbóná sí èèrà.

"Ìwọ ni mẹkanó ará Nàìjíríà?" Faransé ló fi bi mí.

"Èmi ni, mọ̀n kọmandán."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Ó fọwọ́ ra ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ó sọ fún mi pé bàbá òun ló wa ọkọ̀ yìí fún òyìnbó alákòóso fún ọdún mọ́kànlá. Bàbá ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀, ìyá òun ń fọ aṣọ ìjókòó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà ò jókòó sínú rẹ̀ rí. Bàbá ti kú. Ìyá wà ní Lamordé, ní òdìkejì odò.

"Lọ́jọ́ Tabaski, mo fẹ́ lọ gbé e," ó wí. Tabaski ni wọ́n ń pe Iléyá níbẹ̀. "Ẹ̀yìn ni yóò jókòó sí, bí ìyàwó òyìnbó ti ń jókòó. Màá fi gbé e kọjá lórí afárá, lójú gbogbo ayé. Ṣé ọkọ̀ náà á lè rìn?"

"Á rìn, mọ̀n kọmandán."

"Àyà ìyá mi ò lágbára, kò fẹ́ ìpayà. Bí ọkọ̀ bá kú mọ́ ọn lórí lókè odò níbẹ̀…" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mi ò ní bínú o. Màá kàn ránṣẹ́ sí ọ pé kí o wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ó wọ jíìpù, ó lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú erùpẹ̀.

Ìyàwó mi dé láti ọjà, ó gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ọkọ̀ Dosso wà ní ìdíkọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ká gba ẹnubodè Gaya, ká wọ̀lú, kó tán."

"Ọ̀gá mi ńkọ́?" mo bi í. "Tí a bá dé bodè tí wọ́n bi í ní ìwé?"

Ó dá ọwọ́ dúró lórí aṣọ. Ó mọ̀ pé bí a bá fi bàbá arúgbó sílẹ̀, òun ni wọ́n máa wá mú dípò wa. Ó tú àwọn aṣọ náà padà sínú àpótí. Mo sọ eléyìí kí ẹ lè mọ̀ pé mo ro ti ọ̀gá mi rò lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ tó gbọ́ èyí tó kù.

Èmi àti ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ pátápátá. Mo lọ fáàfù, mo pààrọ̀ ríìngì, mo fọ kábúrétọ̀ títí ó fi ń dán bí ṣíbí. A da òkúta wẹẹrẹ sínú tánkì epo, a mì ín síwá sẹ́yìn títí ìpẹtà inú rẹ̀ fi jáde bí ẹ̀kọ pupa. Ọ̀gá mi gba ìdérí tánkì, ó fi ìka ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúró.

"Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀," ó wí. "Ibí yìí ni erùpẹ̀ ọyẹ́ ń gbà wọnú epo. Àwọn òyìnbó ò mọ Niamey."

Ó gé awọ ewúrẹ́ roboto, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìdérí, ó wá fi ọṣẹ dúdú dí ihò náà àti etí awọ náà yíká. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe fún àwọn lọ́rì àwọn ará wa tó ń gba ọ̀nà oníyanrìn lọ sílé, àwọn dẹ́rẹ́bà sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi dùn pé ó ṣì wúlò. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun," mo sì dé ìdérí náà mọ́ tánkì.

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ dáhùn, omi bọ́ lójú mi. Ohùn rẹ̀ tutù, kò wúkọ́, kò sín. Ọ̀gá mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń rẹ́rìn-ín. A jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Mo sáré ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá mi gba ẹ̀yìn lọ, ó ṣí tánkì, ó ki igi bọ̀ ọ́, ó fi ìka mọ ibi tí epo dé lára igi, torí aago epo ọkọ̀ náà ò ṣiṣẹ́. "Epo wà o!" ó kígbe. Ó dé e padà. Mo tẹ sítátà, ó dáhùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún kú.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti kú, èmi á sáré síwájú, ọ̀gá mi á gba ẹ̀yìn, á wọn epo, á ní epo wà, èmi á tún nǹkan kan ṣe níwájú, ọkọ̀ á jí, inú mi á dùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní bujíì. Ó jí, ó tún kú. Mo yọ pọ́ǹpù epo, mo fi rọ́bà tuntun sínú rẹ̀. Ó jí, ó kú. Mo ní bóyá ooru ló ń sọ epo di afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà, mo rẹ àkísà sínú omi, mo fi wé páìpù epo bí ẹni ń wé ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó jí, ó kú. Ohun gbogbo tí mo bá ṣe ló ń ràn án lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó wò ó sàn.

Oúnjẹ ò wọ ẹnu mi mọ́. Bí jíìpù bá kọjá lójú títì, màá sá sábẹ́ ọkọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ikú ẹ́ńjìnnì náà nínú gbogbo nǹkan. Tí ìyàwó mi bá ń gún ata tó dáwọ́ dúró, màá fò dìde. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo ṣọ́ọ̀bù ará Tógò yẹn, mò ń bi ara mi pé aṣọ wo ni mo máa bọ́ kọ́ sí ìṣó. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn kì í ṣe ẹ̀rù ikú nìkan. Ó ń bà mí pé wọn á bi mí ní ìbéèrè tí mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀, pé màá dúró níwájú wọn, wọn á ní kí ló ṣẹlẹ̀, màá sì ní mi ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Iléyá pé, mo pààrọ̀ kọ́ílì. Ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún odidi wákàtí kan, kò kú. Mo fò sókè, mo di mọ́ ọ̀gá mi, mo ń kígbe sí i létí pé, "Kọ́ílì ni! Kọ́ílì ni, Ọ̀gá!" Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé àárín ìgbà tó ń wọn epo ni àkókò ìrun bá a, tó kàn gbé ìdérí lé ẹnu tánkì láìdé e pa, tó sì lọ ṣe àlùwàlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wa ọkọ̀ náà jáde lémi nìkan. Mo fẹ́ gba ọ̀nà tí ìyá náà máa gbà gan-an. Mo ra epo, mo bu ún kún tánkì, mo fi ọwọ́ ara mi dé ìdérí náà dáadáa. Mo gun afárá Odò Ọya. Sójà wà ní orí afárá níhìn-ín, sójà wà lọ́hùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, òfin wọn ò sì ju ẹyọ kan lọ: ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ dúró lórí afárá. Mo kọjá. Mo dé Lamordé, àwọn àgbà jókòó síta, wọ́n nàró wò mí, bàbá kan sì bọ́ fìlà rẹ̀ fún ọkọ̀ náà. Mo yí padà, orin wà lẹ́nu mi, mo tún gun afárá.

Mo dé àárín gbùngbùn. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Jọ̀ọ́," mo bẹ̀ ẹ́. "Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi." Ó kú.

Mo tẹ sítátà, kò dáhùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ súfèé sójà, mo gbọ́ bàtà wọn lórí afárá, kò-kò-kò, láti ọwọ́ méjèèjì.

"Kai! Aváńsì! Aváńsì!" Ọ̀kan ń ju ọwọ́ síwájú pé kí n máa lọ.

"Kò lọ mọ́," mo wí ní Faransé, ní Haúsá, ní Yorùbá. Mi ò mọ èyí tó jáde.

"Fito!" Ó fi ẹnu ìbọn júwe ilẹ̀. Mo jáde, mo gbé ọwọ́ sórí. Mo ní ọkọ̀ Kọmandán ni. Ó ní àwọn mọ ọkọ̀ Kọmandán, ọkọ̀ Kọmandán kì í dúró lórí afárá. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ṣí iwájú, wọ́n wo abẹ́ ìjókòó. Èyí tó kéré jù nínú wọn bi mí ní ohun tó wà nínú tánkì. Mo ní epo ni. Kò gbà. Ó di ìdérí mú, ó yí i.

Tánkì náà mí: fììììììì.

Ẹ̀mí gígùn, bíi ti ẹni tí wọ́n di ẹnu rẹ̀ láti àná. Sójà náà ju ìdérí sílẹ̀, ó fò sẹ́yìn, ó kígbe pé, "Bọ́ǹbù!" Àwọn mẹ́ta dùbúlẹ̀ gbalaja sórí afárá. Èmi náà dùbúlẹ̀. Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí, tí mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ni òye ti yé mi. Pọ́ǹpù ń fa epo jáde, afẹ́fẹ́ ò rí ibì kankan gbà wọlé dípò rẹ̀, títí tánkì á fi gba epo náà mú mọ́yà. Ihò yẹn ni imú ọkọ̀. Lọ́rì àwọn ará wa ní imú mìíràn lórí tánkì, ìyẹn ni ọṣẹ ọ̀gá mi ò ṣe pa wọ́n lára. Ní ṣọ́ọ̀bù, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣí i nígbàkúùgbà tó bá ń wọn epo, òun ló sì ń jí ọkọ̀ náà, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ bó ṣe ń mí. Gbogbo ara ọkọ̀ náà ni mo ti tú tán, àfi ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ ọ̀gá mi dì.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ sítátà. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Ojú wọn wá le sí i. Ọkọ̀ tó kọ̀ fún èmi tí mo tún un ṣe, tó jí nígbà tí sójà ṣí tánkì rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ pè é?

Wọ́n mú mi lọ sí ilé kékeré tó wà ní ẹsẹ̀ afárá, wọ́n fi mí jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ká má parọ́, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí. Èyí tó kéré jù bu omi fún mi, ó ní kí n mu ún. Kò pẹ́ tí Kọmandán fi dé. Ó jókòó síwájú mi, ó ká ẹsẹ̀ kọ́ ara wọn.

"Ó dáa," ó wí pẹ̀lẹ́. "Ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi."

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó yẹ ìdérí náà wò, ó fi èékánná họ ọṣẹ inú rẹ̀.

"Ta ló dí i?"

Mo ti rò ó láìmọye ìgbà láti ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni mo ní láti sọ: èmi ni. Ṣebí èmi ni mo gba iṣẹ́, èmi ni mo dé ìdérí náà láàárọ̀ yẹn. Ìwé ìgbélùú mi wà lápò, ó sì péye. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí n tó ronú kan èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹnu mi ti ṣí.

"Ọ̀gá mi ni, mọ̀n kọmandán. Kì í ṣe èmi rárá. Arúgbó ni, ojú rẹ̀ ò ríran. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, lábẹ́ igi."

Kò sí ẹni tó bi mí ní ibi tó wà.

Wọ́n rán jíìpù. Wọ́n mú un dé, sójà kan dì í lápá, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti bọ́ sọ́nà. Ó ń yí orí káàkiri bí ẹni ń fi ojú gbọ́rọ̀. "Ọmọ mi dà?" ó ń bi wọ́n ní Sàrmá, èdè àwọn ará ibẹ̀. "Ṣé ó wà láàyè?" Mo wà níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì, mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà.

Kọmandán pariwo bi í pé ṣé òun ló dí ihò tánkì. Sójà kan tún pariwo sí i pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí.

"Òótọ́ ló sọ," ó wí. "Èmi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má tú ohun tí mo bá dì. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, tèmi ni. Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀."

Kọmandán wo ọ̀gá mi, ó wo ọṣẹ tó wà ní èékánná ara rẹ̀. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ fìlà. "Ọṣẹ! Wallahi, nítorí ọṣẹ!" Àwọn sójà náà bá a rẹ́rìn-ín, èyí tó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ nínú wọn ló sì rẹ́rìn-ín jù. Ó ní kí wọ́n fún bàbá ní tíì. Kò bi í ní ìwé. Ó ní kí jíìpù gbé wa padà sílé, kí n sì ṣí imú ọkọ̀ kó tó di Tabaski.

Lọ́jọ́ Iléyá, ọkọ̀ dúdú náà gbé ìyá náà kọjá lórí afárá, ó jókòó sẹ́yìn, ó na ọrùn. Wọ́n gbé itan àgbò kan wá fún wa, a jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí jíìpù gbé wa dé ni mi ò lè gbàgbé. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi jókòó, ó ní kí n wá jókòó síwájú òun, kí n bọ́ ẹ̀wù mi. Mo bọ́ ọ. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ mi wò bó ti ń tọ́ irin wò. Ó tọ́ orí, ó tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ka eyín mi láti òde. Ó mú ìka ọwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Níbo ni wọ́n ti lù ọ́?"

Mo sorí kọ́.

"Má jẹ́ kó tì ọ́ lójú. Mo mọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ó ní ibi tí wọ́n máa lù ọ́ dé kí o tó dárúkọ mi fún wọn." Ọwọ́ rẹ̀ dé ìhà mi lápá òsì. "Ṣé ibí ni?"

Ìyàwó mi ti jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò wá.

"Ibẹ̀ ni, Ọ̀gá," mo wí.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí ìyàwó mi gbé òrí wá. Ìyàwó mi gbé e wá, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì dúró tì wá, ó ń wo ìhà mi tí kò wú, tí kò pọ́n, tí kò ní àpá kankan. Ọ̀gá mi ń fi òrí ra á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́."